Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Bibi Fi Jẹ́ Ọ̀tá

Òjò ọ̀sán ń rọ̀ sórí páànù ilé ìdáná ní Tukuyu. Ìyá àgbà, Bibi Subilaga, jókòó lórí àpótí, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ìkòkò, àgbàdo sísun kún ẹnu rẹ̀, nígbà tí Tusekile ọmọ ọmọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú lẹ́tà kan nínú ọ̀rá.

Tusekile ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama ni, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ ní kó wọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó lọ fi oṣù mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun bíi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò fẹ́ lọ. Ó ti pinnu pé lọ́jọ́ Ẹtì òun á sá lọ sọ́dọ̀ àǹtí òun kan ní Mbeya, òun á sì jókòó síbẹ̀ títí ìjọba á fi gbàgbé òun. Ìyá rẹ̀ ló ní kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bibi, torí Bibi ti ṣe iṣẹ́ náà rí, nígbà tó jẹ́ pé odidi ọdún kan ni.

"Bibi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí," ni Tusekile wí kó tó jókòó. "Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Mo mọ ibẹ̀ ju àwọn tó ti débẹ̀ lọ."

"Ta ló fẹ́ bẹ̀ ọ́? Gba ọ̀bẹ."

Tusekile gba ọ̀bẹ, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó bó èkejì. Ó ń retí kí Bibi sọ̀rọ̀. Bibi ń jẹ àgbàdo rẹ̀.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní sọ bó ṣe rí nígbà tiyín?"

"Ó dára," ni Bibi wí láàárín àgbàdo. "Mo jẹ́ ọ̀tá."

"Ẹ jẹ ọta?"

"Ọjọ́ mẹ́ta gbáko."

Tusekile gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Èyí kò sí lórí fóònù. "Ọta ìbọn? Ṣé wọ́n sè é ni?"

"Wọn ò sè é o. Wọn ò tiẹ̀ se oúnjẹ fún ọ̀tá rárá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀."

"Tútù lẹ wá jẹ ẹ́?"

Bibi gbé àgbàdo mì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Tusekile. Ọ̀-tá. Ẹni tí wọ́n ń bá jà. Èmi ni wọ́n ń bá jà."

"Ta ló ń bá yín jà?"

"Àwọn ọmọ ogun wa."

"Ṣebí ẹ̀yin náà ni ọmọ ogun wa."

"Títí di alẹ́ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, mo ti di ọ̀tá."

Tusekile wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bibi, ẹ dalẹ̀ ìlú? Ṣé ìyá mi mọ̀?"

Bibi ní kó mú ọ̀bẹ rẹ̀, kó máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó sì fetí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kì í gùn tí wọn ò bá máa dá a dúró. Ọdún 1974 ni, ó ní, kò sì sí ogun níbì kankan nítòsí. Ibùdó tí wọ́n kó wọn lọ, Mtonga lórúkọ rẹ̀, wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ kan tí ẹni tó bá ti Tukuyu wá á máa rò pé Ọlọ́run gbàgbé láti bomi sí. Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀, ìbọn sì jẹ́ mọ́kànlá. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ìyókù.

"Kí lẹ wá rí nínú iṣẹ́ ogun náà?"

"Òógùn."

"Oògùn wo ni wọ́n fún yín?"

"Òógùn, ọmọ yìí. Èyí tó ń jáde lára."

"Ọta ìbọn ńkọ́?"

"Ọta wà nínú àpótí kan. Wọ́n ti àpótí náà pa. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sin àna rẹ̀ ní Kigoma, kò sì padà mọ́."

"Báwo lẹ wá ṣe ń yìnbọn?"

"Ẹnu la fi ń yìn ín. Tí sájẹ́ńtì bá ti pàṣẹ, gbogbo wa á ní 'gbàù'. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há ò lè jagun lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní kó lọ gbálẹ̀."

"Ọta ò sí, nígbà yẹn."

"Ọta ò sí. Ọ̀tá náà ò sí. Ti ọta ò dun Afande, ọ̀gá wa. Ti ọ̀tá ló ń dùn ún."

Afande Mashimba ni ọ̀gá ibùdó náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ kó tó ṣe é. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti olú-ilé iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, tó fẹ́ wá wo bí àwọn ọmọ náà ṣe mọ ogun jà tó. Afande bá jókòó, ó kọ ogun ọjọ́ mẹ́ta sínú ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ogun máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun á máa ṣọ́ òkè tí táǹkì omi wà, ọ̀tá á máa wá kọlù wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹnu ìbọn kàn láyà, tí wọ́n sì sọ fún pé ó ti kú, ó ti kú nìyẹn, kó lọ jókòó sábẹ́ igi oṣè títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, níwájú àlejò, kí ọ̀tá pàdánù. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí lórí ìlà, ó wá béèrè ẹni tó fẹ́ jẹ́ ọ̀tá.

"Mélòó ló nawọ́?" ni Tusekile béèrè.

"Kò sí. Gbogbo wa la fẹ́ràn orílẹ̀-èdè wa."

Afande bá ṣa àwọn tó ti dẹ́ṣẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gwakisa wà nínú wọn, torí pé ó sùn lórí ìdúró. Ẹ̀ṣẹ̀ Bibi ní tiẹ̀ ni pé ó rẹ́rìn-ín lórí ìlà.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Adìẹ kan ń tẹ̀ lé Afande lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti Afande mu rẹ́gí. Tí Afande bá gbé òsì, á gbé òsì. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n rìn."

Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lápá. Nítorí pé Bibi mọ máàpù kà, wọ́n fi í ṣe olórí.

"Ẹ ti di ọ̀gágun nìyẹn," ni Tusekile wí. Inú rẹ̀ fẹ́ẹ́ dùn díẹ̀.

"Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó máa pàdánù. Ìyẹn kò ní fìlà."

Bí àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe mọ́, àwọn ọ̀tá gbé abọ́ wọn, wọ́n lọ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bí ìṣe wọn. Alásè ibùdó, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chidawali, wo aṣọ pupa apá wọn, ó sì gbé ìkòkò ugali, òkà àgbàdo wọn, sẹ́yìn. Ó ní òun ò lè fi oúnjẹ ìjọba bọ́ ọ̀tá ìjọba. Bibi ṣàlàyé fún un pé eré ni. Chidawali ní òun ò gbọ́ eré nínú ọ̀rọ̀ tí Afande kà, ogun lòun gbọ́. Wọ́n bá padà sínú igbó láìfẹnu kan nǹkan, wọ́n sì ṣí ìwé àṣẹ tí Afande fún wọn láti mọ ohun tó kàn.

"Kí ló wà nínú àṣẹ yẹn?"

"Pé kí ọ̀tá kọlù wọ́n ní ìkọ̀kọ̀."

"Ìyẹn dáa. Ọgbọ́n ogun ni."

"Gwakisa ló ń kà á sí wa létí, ebi sì ń pa á. Ó kà á pé kí ọ̀tá kọlù wọ́n nídìí ìkòkò."

Tusekile wo ìyá àgbà. "Kò sí ẹni tó tún un kà nínú yín?"

"Ta ló fẹ́ tún un kà? Àṣẹ tó dáa ni. Òun ni àṣẹ tó dáa jù tí mo gbọ́ ní gbogbo ọdún yẹn."

Ọ̀dọ́ tó lé ní igba àti àádọ́rùn-ún ló wà lórí òkè lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń ṣọ́ táǹkì omi. Ẹnìkan ò ṣọ́ ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe ń rá pálá bọ̀, ọmọ ogun kan tó lọ tọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà rí Gwakisa, ó fi ẹnu ìbọn kàn án láyà, ó ní ó ti kú. Gwakisa kò bá a jiyàn, ó lọ jókòó sábẹ́ igi oṣè. Àwọn méje yòókù wọlé. Bibi na ìbọn igi sí Chidawali, ó ní kó gbé ìgbákọ sílẹ̀. Chidawali bi í bóyá eré ni. Bibi ní ogun ni. Ó gbé ìgbákọ sílẹ̀.

"Ìkòkò ugali mẹ́rin," ni Bibi wí, "ìkòkò ẹ̀wà mẹ́ta, àti alásè kan. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wa kí oòrùn tó mú."

"Bibi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yẹn? Gígé ọ̀nà oúnjẹ ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀gágun ńlá ló máa ń ṣe é. Mo kà á."

"A ò gé ọ̀nà oúnjẹ. Oúnjẹ la jẹ."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti rò ó kẹ́ ẹ tó lọ."

"Ebi ló rò ó."

Wọn ò tíì jẹun tán tí Gwakisa fi gbé abọ́ dé. Bibi bi í bóyá kì í ṣe pé ó ti kú. Gwakisa ní iṣẹ́ lòun kú sí, òun ò kú sí oúnjẹ.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn tó wà lórí òkè gbọ́ òórùn ẹ̀wà. Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, abọ́ wà lọ́wọ́ kan, síbí wà lọ́wọ́ kejì. Ó ní òun ti juwọ́ sílẹ̀. Bibi kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òǹdè, torí Afande kò kọ ọ́ sínú ìwé, ló bá ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un. Chidawali kọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tó ń jagun ṣẹ́gun lòun ń sè fún, àṣẹ ni, òní sì rèé, àwọn tó so aṣọ pupa ló ni ilé ìdáná. Ẹni tí kò bá so aṣọ pupa, kó máa lọ. Òǹdè náà sáré lọ sí ọ́fíìsì Afande, ó fa aṣọ fèrèsé pupa ibẹ̀ ya, ó so ó mọ́ apá, ó padà wá jẹun. Ẹni kejì rí i. Kó tó di aago márùn-ún, fèrèsé Afande ti ṣófo, ilé ìdáná sì ti kún.

"Ẹ ṣẹ́gun wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ni Tusekile wí.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun gan-an. Ọ̀rọ̀ wá rú lọ́la rẹ̀."

"Ọjọ́rú."

"O ṣeun."

Tusekile ti gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bibi gbà á, ó bó o fún un, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ò ní parọ́, ó dùn mọ́ òun. Ní ilé bàbá òun, òun ni ọmọ kẹfà, ẹnìkan ò sì béèrè ohun tí òun rò rí. Ní Mtonga, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ òun bóyá kí àwọn fọ abọ́ nísinsìnyí tàbí tó bá yá.

Ní Ọjọ́rú, Afande fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Òun nìkan ló kù níbẹ̀. Ó fìlà dé orí, ìwé rẹ̀ wà lábíyá, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó pe Bibi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó ní, 'Subilaga, ọ̀la ní aago mẹ́wàá lẹ máa pàdánù. Mo ti kọ ọ́.' Mo ní, 'A mọ̀, Afande. Ta ló máa ṣẹ́gun wa?' Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ènìyàn."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ní kí n yá òun ní igba ọmọ ogun."

"Ọ̀tá ló fẹ́ yá a lọ́mọ ogun?"

"Ta ló tún kù? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó mú igba. Àwọn igba náà ló kọ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń jẹ lórí òkè. Afande ò lè parọ́ fún wọn, òun náà ò tíì jẹun láti àná."

Wọ́n jọ dúnàádúrà títí, wọ́n sì gbà síbì kan. Lẹ́yìn ògì àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí igba ènìyàn tú aṣọ pupa apá wọn, kí wọ́n gun òkè lọ, kí wọ́n sì wá ṣẹ́gun ní aago mẹ́wàá. Kì í ṣe ṣáájú ògì, torí Chidawali ò ní bu ògì fún apá òfìfo. Afande kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí kò kọ sílẹ̀ ni pé àlejò lè tètè dé. Aago mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ àlejò wọlé, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn wà lórí ìlà ògì, aṣọ pupa wà lápá gbogbo wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni apá rẹ̀ ṣófo.

Tusekile fi ọwọ́ bo ẹnu. "Afande."

"Afande. Ọ̀gá náà bọ́ọ́lẹ̀, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo àwa, ó wo Afande, tí kò tíì fá irùngbọ̀n fún ọjọ́ méjì. Wọn ò pàdé rí. Ó ní àwọn ọmọ ogun aláṣọ pupa yìí wù òun, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọ̀tá fi jẹ́ ẹnìkan péré?"

"Afande ò sọ fún un pé òun ni ọ̀gá ibùdó?"

"Ó yanu láti sọ ọ́. Ó wá ronú ohun tí ọ̀gá náà máa béèrè tẹ̀ lé e. Ó pa ẹnu dé."

Àlejò wo aago rẹ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sí òun pé ọ̀tá máa pàdánù, kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de aago mẹ́wàá, ọ̀nà òun jìn. Gbogbo ojú bá yí sí Bibi. Ó mú ìbọn igi rẹ̀, ó rìn lọ bá Afande, ó fi ẹnu ìbọn kàn án láyà.

"Mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ti kú.'"

"Ó ní kí ni?"

"Ó kí mi ní kíkí ológun, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi oṣè. Òun ló ṣe òfin yẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe bí ọ̀tá, àmọ́ òun ò tíì rí èyí tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó pàdánù tó báyìí rí."

Ẹ̀rín pa Tusekile títí ó fi di òpó mú. Bibi dúró kó rín in tán. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ àlejò ti lọ, òun bu ugali àti ẹ̀wà lọ bá Afande nídìí igi, torí ìrọ̀lẹ́ ò tíì tó, kò sì ní dìde. Ó gba abọ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì sọ pé ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun ti ń ṣe iṣẹ́ ogun, òní ni wọ́n kọ́kọ́ pa òun, kò sì burú bí òun ṣe rò.

Tusekile nu ojú. Ó wo òjò. "Ṣé wọ́n ṣì ń yan ọ̀tá níbẹ̀ di òní?"

"Ṣé kò sí lórí fóònù?"

"Mi ò rí i."

"Mi ò mọ ti ìsinsìnyí. Mo mọ̀ pé tèmi ò tíì tán síbẹ̀."

Ó ní nígbà tí ọdún parí, tí gbogbo wọn lọ gba ìwé ìtúsílẹ̀, akọ̀wé ibùdó ṣí ìwé ńlá, kò rí orúkọ òun láàárín àwọn ọmọ ogun. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó rí i níbẹ̀: "Ọ̀tá: Subilaga, àti àwọn méje mìíràn." Àwọn méje náà ti gba ìwé wọn lọ, torí wọn ò kọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ti òun, wọ́n kọ ọ́, ẹnìkan ò sì rántí láti pa á rẹ́. Akọ̀wé ní òun ò lè fún ọ̀tá ní ìwé ìtúsílẹ̀. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn fi ń kúrò nípò ọ̀tá ni kí wọ́n bá a ṣe àdéhùn àlàáfíà. Afande bá jókòó, ó kọ ọ́.

Bibi dìde, ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé agolo tíì kan sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Àmì ọwọ́ méjì, ti Afande àti tirẹ̀, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tusekile gbà á, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ń kà á sókè: pé láti òní, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ọdún 1974, ìhà kìíní kò ní kọlu ìhà kejì, ìhà kejì kò ní kọlu ìhà kìíní, fún àádọ́ta ọdún.

Ó ka ìka rẹ̀. Ó tún un kà.

"Bibi, àádọ́ta ọdún yìí ti pé."

"Mo mọ̀."

"Ó ti kọjá. Kò sí àlàáfíà mọ́ láàárín ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ogun."

"Mo mọ̀. Mi ò tíì sọ fún ìyá rẹ, kí àyà rẹ̀ má baà já."

Bibi gba ìwé náà padà, ó ká a jẹ́jẹ́, ó dá a padà sínú agolo. Ó jókòó. Ó wo lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rá, ó wo Tusekile láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wọn aṣọ fún un.

"Wọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn ló pè ọ́. Èmi ni mo rán ọ."